Ìgò Ata Ilẹ̀ Pupa Tí Ọkọ Mi Ń Mu

Ikú kọ́ ló ń ba ọkọ mi lẹ́rù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí dókítà sọ fún un pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò béèrè oúnjẹ tó yẹ kó máa jẹ, kò sì béèrè oògùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà níwájú dókítà, ó ń wo àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù.

Mo mọ ohun tó ń wá. Àrùn ìtọ̀ ṣúgà yìí náà ló ṣe bàbá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Bàtà ló bó bàbá ní gìgísẹ̀, egbò kékeré tí ènìyàn kò ní kà sí, ó sì kọ̀, kò jinná. Nígbà tó yá, àwọn dókítà gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún. Ọkọ mi ló máa ń gbé bàbá lọ sí balùwẹ̀ títí tí bàbá fi kú. Kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá rí ẹni tó fi igi rìn lójú títì, á yí ojú sí òdìkejì.

Kí àwọn ìbejì wa tó dáyé la ti wà ní Onitsha. Àǹkárá àti léèsì ni ọkọ mi ń tà nínú ọjà ńlá. Èmi ń dirí, mo ń ṣe irun lóge nínú ṣọ́ọ̀bù kan níwájú ilé tí a gbà ní Obosi. Àwọn ìbejì ti wọ yunifásítì ní Awka báyìí. Ìgbò ni wọ́n fi ń bá ara wọn jà, Ìgbò ni wọ́n fi ń parí ìjà. Bàbá Ìbejì ni mò ń pe ọkọ mi, Ìyá Ìbejì ló ń pè mí, bẹ́ẹ̀ náà sì ni gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì ń pè wá.

Dókítà fún un ní oògùn oníhóró, ó sì ní kó ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wo ṣúgà nílé. Bàbá Ìbejì kì í gbàgbé hóró rẹ̀. Àárọ̀ kùtù á gún ìka rẹ̀, á kán ẹ̀jẹ̀ sórí pépà kékeré, á dúró de ẹ̀rọ náà kó sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ á sì máa wò mí bí ojú ọmọ tó ń dúró de èsì ìdánwò. Èsì náà kì í sábà dára. Orí ìjókòó ló máa ń wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn aṣọ, ohun tó bá sì kọjá lórí àwo lójú ọ̀nà ọjà ló máa rà jẹ. Nígbà tí a padà lọ, dókítà ní bí ṣúgà náà kò bá wálẹ̀, abẹ́rẹ́ ló kàn.

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Nígbà tí a délé, kò jẹun. Ó ní, "Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Bàbá náà nìyẹn. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fún wọn. Ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ ni wọ́n gé wọn lẹ́sẹ̀."

"Abẹ́rẹ́ kọ́ ló gé ẹsẹ̀ Bàbá, Bàbá Ìbejì."

"Mo mọ̀," ló wí. Ṣùgbọ́n kò mọ̀. Nínú ọkàn rẹ̀, abẹ́rẹ́ àti ayùn jọ jẹ́ ọmọ ìyá ni.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ará Ìjẹ̀bú ni, ó ń ta mílíìkì, bíṣíkíìtì àti ṣúgà ní ọjà Bridge Head. Èèyàn dáadáa ni. Òun ló bá wa gba ilé tí a ń gbé. Ìtọ̀ ṣúgà wà lára òun náà. Ní ọ̀sán Sunday kan, ó yà sí ilé wa, ó sì yọ ìgò kékeré kan jáde nínú àpò agbádá rẹ̀, irú èyí tó ní ọ̀pá ìfà lórí, tí ènìyàn fi ń kán oògùn sójú.

"Bàbá Ìbejì, ẹ wò ó. Ata ilẹ̀ pupa ni, èyí tí òyìnbó ń pè ní turmeric. Èyí tí ìyàwó yín fi ń se ìrẹsì yẹn náà ni. Wọ́n fún oje rẹ̀, wọ́n sè é títí ó fi ki, wọ́n wá fi oje iyèré sí i kí ara lè gbà á. Èmi fúnra mi ń lò ó. Ẹ rí mi bí?"

A rí i. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

Ọkọ mi gba ìgò náà, ó yí i sókè, ó yí i sódò. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí kẹ́míkà nínú ẹ̀?"

"Kẹ́míkà ti jẹ́? Ata ni, àbúrò. Ata tí a ti ń jẹ láti kékeré."

Mo ṣí ìgò náà, mo gbóòórùn rẹ̀. Òórùn ilé ìdáná mi ló ń rùn. Bóyá ká ní ó rùn bí oògùn ni, ara mi ì bá ti fu. Ṣùgbọ́n ta ni ata ọbẹ̀ ń bà lẹ́rù?

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kán an sínú omi gbígbóná ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ó sì ń lo hóró dókítà mọ́ ọn. Nígbà tí ọ̀ràn náà wá dójú ẹ̀, ohun tó bà mí lẹ́rù jù lọ ni pé ó ṣiṣẹ́. Ká ní kò ṣiṣẹ́ ni, à bá ti dà á nù. Ṣúgà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Á pariwo láti inú yàrá, "Ìyá Ìbejì, wá wò ó! Wá wo nǹkan tí Ọlọ́run ṣe!" Èmi á sáré wọlé pẹ̀lú ìyarun lọ́wọ́, a ó jọ wo ẹ̀rọ náà, a ó jọ yin Ọlọ́run. Nígbà tí ìgò ẹ̀gbọ́n tán, ó lọ ra èyí tó tóbi fúnra rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn tí ẹ̀gbọ́n ti ra tirẹ̀ ní Bridge Head. Kò kán an mọ́. Ṣíbí ló fi ń mu ún.

Ọ̀sán kan, mo wà lórí irun ìyàwó tuntun kan nígbà tí fóònù mi dún. Obìnrin tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ti ọkọ mi lọ́jà ni. Pidgin la máa ń bá ara wa sọ.

"Madam, abeg come. Your oga dey shake. E no dey hear wetin person dey talk."

N kò rántí bí mo ṣe fi orí ìyàwó yẹn sílẹ̀. Mo rántí pé nínú kẹ̀kẹ́ ni mo ti rí i pé mi ò tíì bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀rá kúrò lọ́wọ́. Títì dí, mo sọ̀ kalẹ̀ kí n tó débẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láàárín àwọn alárù tó ru ẹrù aṣọ. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, Bàbá Ìbejì jókòó láàárín àwọn ìdì àǹkárá, àágùn ti mu ẹ̀wù rẹ̀ gbindingbindin bí ẹni tí òjò pa. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó gbójú sókè, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín sí mi, irú ẹ̀rín tó máa ń rín sí oníbàárà.

Ó ní, "Nne, ego ole ka ị ga-akwụ?"

Ìyá, èló lẹ máa san? Ìbéèrè rẹ̀ nìyẹn. Ọkọ mi, tí kò bá mi sọ Ìgbò rí láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, ń bá mi nájà.

"Bàbá Ìbejì, èmi ni. Èmi ni o!"

Ó tún béèrè èló ni mo máa san. Ó ń na aṣọ kan sí mi, ojú rẹ̀ sì ń wo ibi tí n kò sí. Mo jókòó sórí ìdì aṣọ. Obìnrin tó pè mí ni kò dúró wò. Ìyá tirẹ̀ ti ní ìtọ̀ ṣúgà rí. Ó ti ní kí wọ́n ra ẹlẹ́rìndòdò wá, ó di orí ọkọ mi mú, ó ń dà á sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ fún un pé kó gbé e mì. Ó pẹ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ rẹ̀ dákẹ́, ojú rẹ̀ padà sí ibi tí ojú ń wà, ó rí mi.

"Ìyá Ìbejì, kí lo wá ṣe níbí? Ta lo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún?"

Mo bú sẹ́kún.

Ṣúgà rẹ̀ ló lọ sílẹ̀ jù. Bí a ṣe dé ilé, mo ní kó da ìgò yẹn nù. A jà. Ìjà gidi. Ó ní kí ni mò ń sọ? Bí ṣúgà bá ti lọ sílẹ̀ tó báyìí, ṣé kì í ṣe ẹ̀rí pé ara òun ti ń padà bọ̀ sípò ni? Hóró dókítà ni òun kò nílò mọ́. Hóró ló ní kẹ́míkà nínú, òun ló ń fa ìgbọ̀nrìrì. Mo ní kó jẹ́ ká padà lọ bi dókítà léèrè. Ó ní kí n lọ bi í, abẹ́rẹ́ ló máa fi dáhùn. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi hóró sílẹ̀, ó di ìgò mú.

Ṣúgà kò sì gòkè. Ìyẹn ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ẹ̀rọ kékeré yẹn ń gbè é lẹ́yìn ní àárọ̀ àárọ̀.

Ṣùgbọ́n mo ń rí àwọn nǹkan mìíràn. Oúnjẹ kò wù ú mọ́. Iyán tó fẹ́ràn, á fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mejì, á ní ọbẹ̀ ń rùn sí òun. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í hún un. Ó mú ọ̀kan nínú ìyarun mi, ó fi ń họ ẹ̀yìn títí tí ẹ̀jẹ̀ fi hàn lára síńgílẹ́ẹ̀tì. Bó bá tọ̀, tó gbàgbé láti da omi sí i, ìtọ̀ náà máa ń dà bíi tíì tí wọn kò fi mílíìkì sí. Mo bi í. Ó ní oòrùn ni, òun kì í mu omi tó lọ́jà. Mo fẹ́ gbà á gbọ́. Ọbẹ̀ tí mo bá ń sè nígbà yẹn, n kì í mọ̀ bóyá mo ti fi iyọ̀ sí i tàbí mi ò tíì fi sí i.

Ìyá arúgbó tó ni ilé wa ń gbé ní ìsàlẹ̀. Mama la máa ń pè é. Àárọ̀ kan tí oòrùn mú gan-an, ọkọ mi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, èmi ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Mama ń ṣa ìdọ̀tí inú ẹ̀gúsí lójú ọ̀nà. Ó kí wa, ọkọ mi dúró láti dáhùn. Mo rí i tí ọwọ́ Mama dúró sínú àwo ẹ̀gúsí. Kò bá ọkọ mi sọ̀rọ̀. Èmi ló wò.

"Nwunye m, lee anya di gị."

Ìyàwó mi, wo ojú ọkọ rẹ. Mo yí ọkọ mi sí oòrùn. Ibi tó yẹ kó funfun nínú ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n bí ìyeyè tó pọ́n já. Inú yàrá wa ṣókùnkùn díẹ̀, ìdí nìyẹn tí n kò fi rí i. Ó sì ti ń jáde lọ sọ́jà kí ojú ọjọ́ tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ náà ti pọ́n. Àwọ̀ ohun tó wà nínú ìgò gan-an ni.

"Kí ló dé?" ló ń bi wá. "Kí lẹ̀ ń wò lójú mi?"

Mama ti dìde, ó ń pe kẹ̀kẹ́.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà tó gbà wá jẹ́ obìnrin, ọ̀dọ́ ni. Ó tẹ ikùn ọkọ mi ní apá ọ̀tún, lábẹ́ egungun ìhà, ọkọ mi sì figbe ta. Ẹ̀dọ̀ ni, ó wí. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti wú. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ohun tí gbogbo wa kọ́kọ́ rò ni mẹ́dọ̀wú, èyí tí ènìyàn lè kó ran ẹlòmíràn, mo sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, mo ń ro ife tí a jọ ń mu, mo ń ro àwọn ọmọ mi. Nígbà tí èsì dé, kò sí mẹ́dọ̀wú kankan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ ń fara pa ti gòkè kọjá àlà.

Dókítà bi í pé, "Sà, kí lẹ̀ ń mu? Ọtí ńkọ́?"

"Mi ò mutí."

"Àgbo? Oògùn ìbílẹ̀?"

"Rárá."

"Oògùn mìíràn yàtọ̀ sí tàwọn dókítà?"

"Mi ò lo oògùn kankan," ọkọ mi wí. Kò purọ́. Lọ́kàn rẹ̀, ata kì í ṣe oògùn.

Mo ní, "Dókítà, ó ń mu oje ata ilẹ̀ pupa. Wọ́n fi iyèré sí i. Ṣíbí ló fi ń mu ún."

Ó gbé kálámù rẹ̀ sílẹ̀. Ó béèrè ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń mu ún, ibi tí a ti rà á. Kò bínú sí wa. Ó fa àga mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni tó ń bá àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní ata ilẹ̀ pupa tí mo ń bù sínú ìrẹsì kò ní ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fún un, tí wọ́n sè é títí ó fi ki, ohun tó wà nínú ṣíbí kan lè ju ohun tí ìdílé kan máa jẹ lọ fún ọjọ́ pípẹ́. Ti iyèré sì burú sí i, torí iyèré ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún un kó wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Ẹ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn á gbà á mọ́ra. Ẹ̀dọ̀ àwọn mìíràn kì í gbà á, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè mọ èyí tí tirẹ̀ jẹ́ ṣáájú.

"Ṣùgbọ́n ó ń mú ṣúgà wálẹ̀," ọkọ mi wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀, síbẹ̀ ó ń jà fún ìgò rẹ̀. "Mo ń rí i lórí ẹ̀rọ."

Dókítà ní ó lè mú un wálẹ̀ lóòótọ́. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun àti hóró ló jọ ti ṣúgà lulẹ̀ lọ́jọ́ tí ó ń gbọ̀n lọ́jà. Lẹ́yìn náà ó wò mí, ó ní, "Ṣùgbọ́n Mà, ẹ̀dọ̀ ni ara ń kó ṣúgà pa mọ́ sí. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti ń ṣàìsàn, tí ènìyàn kò sì jẹun, ṣúgà á lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹ̀ ń rí lórí ẹ̀rọ láìpẹ́ yìí, kì í ṣe ìwòsàn."

Mo ronú kan gbogbo àárọ̀ tí a fi yin Ọlọ́run lórí ẹ̀rọ yẹn.

Mo béèrè oògùn tí wọ́n máa fi wo ẹ̀dọ̀ náà. Ó ní kò sí. Kó má mu nǹkan yẹn mọ́, kí wọ́n fa omi sí i lára, kí wọ́n máa fi abẹ́rẹ́ ṣọ́ ṣúgà rẹ̀, kí gbogbo wa sì máa dúró. Àwọn kan ń padà bọ̀ sípò. Ó dákẹ́ lórí àwọn tó kù. Kó tó lọ, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní láàárọ̀, bí ó bá jí, kí n máa bi í ní ìbéèrè kéékèèké: ibo la wà, ọjọ́ wo ni òní. Bí ẹ̀dọ̀ bá fẹ́ ṣíwọ́ iṣẹ́, orí ló máa kọ́kọ́ dàrú.

Láti ìgbà náà, àárọ̀ di ohun tí mò ń sá fún. Orí ẹní ni mò ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí mo gbọ́ tó mira, n kì í fẹ́ dìde. Ó máa ń dáhùn dáadáa. Nígbà mìíràn á tiẹ̀ kan ara, á ní, "Ilé ìwòsàn la wà, ibo tún ni? Ṣé ìwọ ni kò mọ ibi tí a wà?" Mo fẹ́ràn kó kan ara.

Ìgbà tó wá di àárọ̀ kan, mo bi í, kò kan ara. Ó wò mí jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ìsẹ́yìn ni. Bá mi gbé Bàbá lẹ́sẹ̀, wọ́n fẹ́ wẹ̀."

Mo sáré jáde, bàtà kan lẹ́sẹ̀, bàtà kan kò sí. Nọ́ọ̀sì wá, ó gún ìka rẹ̀. Ṣúgà rẹ̀ dára. Ìgbà tó sọ pé ṣúgà dára ni mo ké, torí mo mọ ohun tó kù. Dókítà dé, ó ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ọwọ́ náà ń jù bí ìyẹ́ ẹyẹ tó fẹ́ fò. Dókítà ní ìdọ̀tí tí ẹ̀dọ̀ kò lè fọ̀ mọ́ ló ń gun orí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní oògùn olómi kan tó dùn, tó máa mú un yàgbẹ́ léraléra kí ìdọ̀tí náà lè gba ibẹ̀ jáde. Ó ní bí kò bá yí padà, a ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó tóbi ju ibẹ̀ lọ, kí n máa múra sílẹ̀. Mo tẹ àwọn ìbejì láago. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Mo kàn ní, "Ẹ máa bọ̀."

Wọ́n dé kí oòrùn tó wọ̀. Ọmọbìnrin mi dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, kò lè wọlé, torí àwọ̀ bàbá rẹ̀. Èmi ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, mo ń pààrọ̀, mo tún ń fọ̀. Ìgbẹ́ ọkọ mi ni mò ń kó, gbogbo èyí tó bá yà ni mo ń dúpẹ́ lé lórí. Ọmọkùnrin mi di bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ń bá a sọ̀rọ̀ ní Yorùbá rẹ̀ tí kò dán, ó ń ṣàṣìṣe, ó ń tún un sọ. Lórí ọ̀kan nínú àṣìṣe yẹn ni Bàbá Ìbejì ti la ojú.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pè é," ló wí. "Ìyá ẹ kò kọ́ ẹ ní nǹkan kan."

Dókítà ní ká má tíì yọ̀. A kò yọ̀. Ṣùgbọ́n kò tún bá mi dé Ìsẹ́yìn mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Bí ó ṣe gbádùn díẹ̀, ẹ̀gbọ́n ni mo rántí. Mo fi àwọn ọmọ tì í, mo lọ sí Bridge Head. Ẹ̀gbọ́n wà láàárín páálí mílíìkì, ìyàwó rẹ̀ ń ka ọjà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sọ gbogbo rẹ̀. N kò tíì parí tí ìyàwó rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ọkọ mi ló wá fẹ́ pa ọkọ yín ni? Oore ló ṣe o! Òun náà kọ́ ló ń mu ún?"

"Mọ́mì, kì í ṣe pé mo wá jà," mo ní. "Nítorí pé wọ́n ń mu ún ni mo ṣe wá."

Ẹ̀gbọ́n jáde sínú oòrùn, níbi tí ọkọ̀ gbé ń kọjá, ó dúró níwájú dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan, ó fi ìka fa ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó wò ó. Ó fa èkejì. Àgbàlagbà ọkùnrin, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá dígí náà mu. Ojú rẹ̀ funfun. Síbẹ̀, ó lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà. Wọn kò rí nǹkan kan lára ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Oje kan náà, ṣọ́ọ̀bù kan náà. Títí dòní n kò mọ bí mo ṣe lè gbé ọ̀rọ̀ yẹn sí ọkàn mi. Ẹ̀gbọ́n kò mu ún mọ́. Ìyàwó rẹ̀ kò tíì kí mi dáadáa.

Àwọ̀ náà pẹ́ kó tó lọ. Ojú ló kọ́kọ́ kúrò, àtẹ́lẹwọ́ ló gbẹ̀yìn. Wọ́n dá wa padà sílé pẹ̀lú abẹ́rẹ́, èmi ni nọ́ọ̀sì sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún un. Àárọ̀ àkọ́kọ́ nílé, mo fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Bàbá Ìbejì ká ẹ̀wù sókè, ó wo òkè àjà. Ó ní, "Ṣé o ti gún un?" Mo ní mo ti gún un tipẹ́. Ó ní, "Èyí náà ni?" Lẹ́yìn náà ó béèrè oúnjẹ.

Ó ti padà sí ọjà. Ó ti fọn díẹ̀, kì í sì jókòó pẹ́ mọ́. Á rìn yí ká láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù, á kí ènìyàn. Àwọn tó gbọ́ ìròyìn máa ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá kí àwọn ju ata ilẹ̀ pupa nù nílé àwọn. Á ní kí wọ́n fi se ọbẹ̀ wọn, kí wọ́n má ṣe sọ ọ́ di oògùn, kí wọ́n sì sọ fún dókítà ohunkóhun tí wọ́n bá ń gbé mì, ì báà jẹ́ iyọ̀. Èmi kò lè fi se ọbẹ̀. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan. Òórùn rẹ̀ kan kọ́ọ́kọ́, mo sì jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo dì mọ́ ògiri.

Ní oṣù mélòó kan síra wọn, a máa ń lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀. Bẹ́ǹṣì kan wà níwájú yàrá àyẹ̀wò náà, mo sì kórìíra rẹ̀. Ọkọ mi á máa sọ̀rọ̀ aṣọ tó wọlé, èmi á máa wo ilẹ̀kùn. Ní èyí tó kọjá yìí, dókítà wa obìnrin ka èsì náà, ó tún un kà. Ó wá ní ó dára, ó ní ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ti ẹni tí nǹkan kan kò ṣe rí.

"Fẹ́rẹ̀ẹ́," mo ní.

"Fẹ́rẹ̀ẹ́, Mà."

A wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Nítòsí afárá, Bàbá Ìbejì ní kí awakọ̀ dúró, ó ra ọkpá gbígbóná méjì, irú ọ̀lẹ̀lẹ̀ àwọn ará Ìgbò, lọ́wọ́ obìnrin kan, ó fún mi ní ọ̀kan. Mo bi í bóyá dókítà sọ pé ó lè jẹ ẹ́. Ó ní ẹ̀wà ni, kí n jẹ́ kí òun jẹun. Ó ń jẹ, ó ń wo odò Niger níta. Èmi ń wo ojú rẹ̀ níbi tí oòrùn ti ń tàn sí i, apá ọ̀tún, lẹ́yìn náà apá òsì, títí ó fi ní, "Ìyá Ìbejì, jẹ ọkpá ẹ, ó ń tutù."